Àwọn Tó Ń Ṣa Agbábọ́ọ̀lù Kiri Àdúgbò

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, láti Ọjọ́ta títí dé Fádèyí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ kí ẹ tètè délé, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣómólú, ní Bàrígà, ní Pedro, tí rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ kú ọjà, Ọlọ́run á jẹ́ kó tà. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé. Ó sì kan ẹni tó ní ọmọbìnrin tó ń sáré tàbí tó ń gbá basketball.

Ẹni tó bá mọ Ọbaníkòró ní Èkó níbí mọ̀ pé ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló gba ilẹ̀ ibẹ̀ tán. Àárín títì làwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Òkúta méjì ni ojú gòólù, mọ́ńkì pósì ni wọ́n ń pè é. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, wọ́n á yà, tí ọkọ̀ bá kọjá tán, eré á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò tí mọ́tò kì í rìn, ọ̀nà Ìkòròdú fúnra rẹ̀ a di pápá. Irú ibẹ̀ ni ọkùnrin kan máa ń yọ sí, tó wọ aṣọ eré ìdárayá, tí fèrè wà lọ́rùn rẹ̀. Á wo àwọn ọmọ fún ìgbà díẹ̀, á pe méjì tàbí mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á ní òun ń wá agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan lókè òkun. Á ní ìdánwò máa wà lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n wá gba fọ́ọ̀mù, kí wọ́n má sì wá lọ́wọ́ òfo.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé kí wọ́n fòfin de irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kúrò ní pápá tirẹ̀ wá ṣa ọmọ ní àdúgbò ẹlòmíì mọ́? Àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tójú wọn ti rí. Èmi ò bá wọn lọ. Ìdánwò tó wá bá ọmọ ní àdúgbò rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà lè dé. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà lónìí, tí ẹnikẹ́ni tó ní fèrè lè dá tirẹ̀ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ máa lọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti jà sí ọ̀rọ̀ yìí rí, ìjà náà sì kọ́ni lọ́gbọ́n. Lọ́dún 2015, Jim Harbaugh, kóòṣì Yunifásítì Michigan, kó àwọn igbákejì rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àwọn ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí àwa ń fẹsẹ̀ gbá o. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń fi èjìká gbá ara wọn. Àríwá ni Michigan wà, ṣùgbọ́n gúúsù ni àwọn ọmọ tó mọ eré náà pọ̀ sí. Harbaugh wá ń pàgọ́ ní Alabama, ní Florida, ní Texas, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, ó sì ń fojú wá èyí tí yóò mú lára wọn.

Inú bí àwọn kóòṣì gúúsù gan-an. Òfin wà nínú ẹgbẹ́ tiwọn pé kóòṣì kò gbọdọ̀ pa irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá máìlì 50 sí yunifásítì rẹ̀, àjèjì wá ń wọlé sí ẹ̀yìnkùlé wọn, ó ń ṣa ọmọ. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì wọn. Lọ́jọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2016, NCAA fòfin dè é pé ilé-ẹ̀kọ́ tìrẹ ni kí o ti ṣe àgọ́ tìrẹ. Òfin náà kò lo oṣù kan. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹrin yẹn náà, ìgbìmọ̀ àgbà NCAA wọ́gi lé e.

Kí ló fà á? Kì í ṣe Harbaugh ni òfin náà pa lára jù. Yunifásítì ńlá ni tirẹ̀, owó wà níbẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní rí ọmọ. Ọmọ tí ilé wọn kò lówó ló pa lára, ọmọ tí kò lè wọ ọkọ̀ láti Alabama dé Michigan kí kóòṣì tó rí i. Ó sì pa àwọn yunifásítì kéékèèké lára, nítorí pé kóòṣì tiwọn máa ń bá àwọn ńlá dé àgọ́ kan náà, ọmọ tí àwọn ńlá bá fò, àwọn ni wọ́n máa ń mú un. Àwọn tó ṣe òfin ro ti kóòṣì tó ń bá kóòṣì jà, wọn ò ro ti ọmọ.

Àmọ́ wọ́n ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2017 wọ́n gbé ìlànà mìíràn jáde. Ọjọ́ 10 péré ni kóòṣì lè fi ṣe àgọ́ nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje, ilẹ̀ yunifásítì ni àgọ́ sì gbọdọ̀ wà. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá pàgọ́ gbọdọ̀ jókòó ti àwọn ọmọ, kó là wọ́n lóye nípa ìwé tí wọ́n gbọdọ̀ kà yege kí yunifásítì tó gbà wọ́n, nípa àwọn ejẹ́ǹtì, nípa tẹ́tẹ́, àti nípa oògùn tí kò bófin mu. Ọmọ tí wọn kò mú náà á mú nǹkan lọ sílé.

Ẹ lè ní kí ló kan Bàrígà nínú ti Michigan. Ó kàn wá, nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti ń mú ọmọ lọ́dọ̀ wa. Èkó ni wọ́n bí Hakeem Ọlájùwọ́n sí, Muslim Teachers' College ló wà. Kò tíì pẹ́ nídìí basketball tí ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ni ní eré náà nílẹ̀ Áfíríkà fi rí i, tó sì ròyìn rẹ̀ fún kóòṣì Yunifásítì Houston. Lọ́dún 1980 ó dé Houston. Lọ́dún 1984 òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tó fẹ́ wọ NBA, líìgì basketball Amẹ́ríkà, lọ́dún 1994 àti 1995 ó sì gba ife ẹ̀yẹ níbẹ̀. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba Yunifásítì Texas tó wà ní El Paso kọjá, lọ́dún 2022 ó sì sá eré fífo igi 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, èyí tí obìnrin kankan kò sá rí láyé kó tó dìgbà náà. Tí òfin bá wà pé àjèjì kò gbọdọ̀ yọjú wá wo ọmọ ọlọ́mọ, ta ló máa rí irú wọn?

Ní ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo Victor Osimhen. Olúṣosùn ló dàgbà sí, lẹ́bàá ààtàn ńlá Ọjọ́ta, lójú ọ̀nà Ìkòròdú wa yìí kan náà. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé òun ta omi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Ìdánwò ló gbé e jáde. Kóòṣì Emmanuel Amuneke mú un sínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17, wọ́n lọ sí Chile lọ́dún 2015, ó gbá gòólù 10 sáwọ̀n níbẹ̀, Nàìjíríà sì gba ife àgbáyé. Lọ́dún 2017, Wolfsburg, ẹgbẹ́ kan ní Jámánì, ti mú ọmọ náà lọ.

Ìtàn yìí ni gbogbo ẹlẹ́tàn ń sọ fún yín nígbà tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín. Wọ́n á ní ṣé ẹ rí Osimhen, báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í sọ iye ọmọ tó gbìyànjú tí kò bọ́ sí i. Lọ́dún 2007, Aspire, akádẹ́mì ti ilẹ̀ Qatar, bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn ọmọ wò ní orílẹ̀-èdè méje nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn. Ọmọ tó lé ní 400,000 ló gbá bọ́ọ̀lù lójú wọn lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn tí wọ́n mú gbẹ̀yìn jẹ́ 24. Ọ̀dọ̀ akádẹ́mì yìí náà ni Henry Onyekuru gbà dé ẹgbẹ́ Eupen ní Belgium, kí Everton tó rà á lọ́dún 2017, nítorí náà n kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti àwọn tó kù, àwọn tó lé ní 400,000 wọ̀nyẹn. Ọmọ tó ní ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn padà sí kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọmọ tó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, kí ló padà sí?

Àdúgbò wa yìí ti ṣe èyí dáadáa rí. Akọ́ka kò jìnnà sí wa. Lọ́dún 1956 Fàdá Denis Slattery, ará Ireland, dá St. Finbarr's College sílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì di ilé bọ́ọ̀lù. Stephen Keshi tó jẹ́ balógun Super Eagles nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà lọ́dún 1994, tó sì tún jẹ́ kóòṣì tó gbà á lọ́dún 2013, ọmọ Finbarr's ni. Henry Nwosu ṣì ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀ nígbà tó bá Green Eagles gba ife Áfíríkà lọ́dún 1980 ní Sùúrùlérè. Kóòṣì tó bá fẹ́ wo ọmọ nígbà náà, ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ló máa lọ, Principals' Cup. Níbẹ̀, tíṣà mọ orúkọ ọmọ, ó mọ bàbá rẹ̀, ó mọ kíláàsì tó wà àti bó ṣe ń ṣe nínú ìṣirò. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ ní ẹni tó máa dá lóhùn. Lónìí, títì ni wọ́n ti ń ṣa àwọn ọmọ wa, ẹnu ọmọ nìkan ni ẹni tó ń mú wọn sì ń gbọ́.

Ibẹ̀ ni ewu náà wà. Lọ́dún 2015, BBC gbé ìròyìn jáde nípa ẹgbẹ́ kan ní Laos, ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, Champasak United ni wọ́n ń jẹ́. Ìròyìn náà ní wọ́n kó ọmọdé 23 láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí akádẹ́mì tí kò forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, Liberia ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Yàrá kan ni wọ́n kó wọn pọ̀ sí, wọn kò sì san owó tí wọ́n ṣèlérí fún wọn. Kí ẹ má rò pé ní Éṣíà nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Charlotte, ní North Carolina, gbà níwájú adájọ́ lọ́dún 2018 pé òun jẹ̀bi. Ó gbowó lọ́wọ́ àwọn kóòṣì àti àwọn tó ń wá ọmọ kiri, ó sì ń fi ìwé irọ́ sọ pé àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n kó wá ń kàwé lọ́dọ̀ òun, nígbà tí wọn kò sí níbẹ̀. Ó tó ọmọ 75.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sí òfin kan yìí dáadáa, ẹ sọ ọ́ fún ará ilé yín. Àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, FIFA, ní ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ra agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Àwọn àyè díẹ̀ wà tí òfin fi sílẹ̀, bíi kí òbí ọmọ ṣí lọ sí orílẹ̀-èdè náà nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù rárá. Òfin yìí ló mú kí FIFA fìyà jẹ Barcelona lọ́dún 2014, tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n ra ẹnikẹ́ni fún sáà ìra-agbábọ́ọ̀lù méjì. Ó kan Real Madrid àti Atlético lọ́dún 2016, ó kan Chelsea lọ́dún 2019. Tí Barcelona tó lówó, tó ní lọ́yà, kò bá rí i gbé, báwo ni ẹni tí ẹ bá pàdé ní ìdíkọ̀ Ọbaníkòró ṣe máa gbé ọmọ ọdún 14 lọ sí Yúróòpù lọ́nà tó bófin mu? Ẹni tó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún yín, irọ́ ló ń pa, tàbí kó jẹ́ pé ó fẹ́ gbé ọmọ yín gba ẹ̀yìnkùlé.

Ejẹ́ǹtì pàápàá ní ìwé àṣẹ. Láti ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà gbọdọ̀ yege nínú ìdánwò tí FIFA ṣètò, orúkọ àwọn tó sì gbàwé àṣẹ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì FIFA. Kò gbọdọ̀ bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sọ̀rọ̀ iṣẹ́ láìjẹ́ pé òbí ọmọ kọ̀wé sí i. Nítorí náà, tó bá dé, ẹ bi í ní orúkọ tó fi gbàwé àṣẹ, kẹ́ ẹ wá a lórí fóònù yín níṣojú rẹ̀.

Àwa ará Ṣómólú mọ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìkésíni, bánà, fọ́ọ̀mù, kò sí èyí tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ tó dára ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ò mọ̀ ju iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un lọ. Nítorí náà, àmì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òkè òkun tí ẹ bá rí lórí fọ́ọ̀mù kò jẹ́rìí ohunkóhun. Àwọn ìyá wà láàárín wa tó jẹ́ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ló mú kí wọ́n gba àjọ wọn, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí wọn ò mọ ilé rẹ̀. Ó ń dùn mí tí mo bá ń rántí wọn, nítorí pé ìfẹ́ ọmọ ló mú wọn ṣe é.

Àwọn kan á bi mí pé tí wọn ò bá gbowó fọ́ọ̀mù, ta ló máa san owó pápá, ta ló máa sanwó fún nọ́ọ̀sì àti rẹfirí? Ẹni tó ń wá ọjà ni kó sanwó. Ẹgbẹ́ tó máa jèrè lára ọmọ náà lọ́jọ́ iwájú ló yẹ kó ná owó láti rí i. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ owó tí àwọn kóòṣì àdúgbò ń gbà lóṣooṣù o. Kóòṣì tó ń jí ní àárọ̀ kùtù, tó ń ra bọ́ọ̀lù látinú àpò rẹ̀, tó ń kó ọmọ ọgbọ̀n jáde kúrò ní ìgboro, iṣẹ́ ló ń ṣe, owó iṣẹ́ rẹ̀ tọ́ sí i. Ẹni tó dé lọ́jọ́ Sátidé, tó gbowó lọ́wọ́ igba ọmọ, tí a ò sì rí i mọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èyíinì ni mò ń bá wí.

Kódà àwọn kóòṣì àdúgbò wọ̀nyí ló ń pàdánù jù, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀. Tí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, kí wọ́n pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ náà láti ọdún 12 títí di ọdún 23. Galatasaray san mílíọ̀nù 75 yúrò fún Napoli lórí Osimhen lọ́dún 2025. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ tí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún 12 sí 15 ní ẹ̀tọ́ sí 750,000 yúrò. Ẹ ro ohun tí ìyẹn lè ṣe ní Bàrígà. Ó lè kọ́ pápá, ó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, tó sì fi orúkọ ọmọ sínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù, nìkan ló lè gbà á. Tí wọ́n bá ṣa ọmọ lójú títì, tí kò sí àkọsílẹ̀ pé ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni rí, owó náà kò ní dé ọ̀dọ̀ wa láéláé.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le. Kí ìdánwò máa wáyé ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí pápá tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Yunifásítì Èkó wà ní Akọ́ka níbí, St. Finbarr's wà níbẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ ṣe é kọ̀wé sí àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba ìbílẹ̀ ṣáájú, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ tó rán an. Kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Kí òbí tàbí alágbàtọ́ tẹ̀ lé ọmọ wá, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà sì mọ̀ sí i. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà sílẹ̀ àti orúkọ kóòṣì tó ń kọ́ wọn ládùúgbò. Kí wọ́n sì lo wákàtí kan péré, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, láti kọ́ àwọn ọmọ ní òfin ọdún 18 tí mo sọ yìí.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ kan nílé ń bínú sí àjèjì tó ń wá kó ọmọ lọ, bí àwọn kóòṣì gúúsù Amẹ́ríkà ṣe bínú sí Harbaugh. Mo gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí a bá tì mọ́ ọmọ tálákà kò ní mú kí líìgì wa dára. Kí wọ́n máa san owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù lásìkò, ọmọ púpọ̀ á fẹ́ dúró.

Ẹ̀yin òbí ní Ọbaníkòró, ní Ṣómólú àti ní Bàrígà, tí ọmọ yín bá sáré wọlé lọ́sẹ̀ yìí pé wọ́n ti mú òun fún ìdánwò, ẹ bá a yọ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé e lọ fúnra yín. Ẹ má ṣe sanwó. Ẹ má ṣe gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀yin àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ gbé orúkọ àwọn tó ní àṣẹ láti ṣe ìdánwò jáde kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọ ìsinmi gbọọrọ, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa níbí, a ó kà á lórí afẹ́fẹ́ láìgba kọ́bọ̀.